Ẹ wá sọ ìrírí yín: báwo ni dókítà ṣe mọ irú àrùn ìgbàgbé tó ń ṣe èèyàn yín?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ilé o. Bàámi àti ìyá ọkọ mi ló ń gbàgbé nǹkan, àìsàn kan náà la pè é, àfìgbà tí dókítà ọpọlọ ṣe tẹ́ẹ̀sì fún wọn. Ó ka ọ̀rọ̀ márùn-ún sí bàámi létí, wọ́n tún un kà pérépéré, ó wá fi nǹkan míì dí wọn lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní àwọn ọ̀rọ̀ yẹn dà? Bàámi ní ọ̀rọ̀ wo? Wọn ò tiẹ̀ rántí pé ẹnì kankan ka nǹkan. Ó ta wọ́n lólobó pé ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, rárá, ó dárúkọ mẹ́ta pé kí wọ́n mú ọ̀kan, èyí tí kì í ṣe ni wọ́n mú. Dókítà ní ọ̀rọ̀ yẹn ò dúró lórí rárá, pé bí Alzheimer ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá ọkọ mi tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù rí, wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn, kíka oṣù padà sẹ́yìn láti December le fún wọn gan-an, ṣùgbọ́n bó ṣe ta wọ́n lólobó báyìí, "ẹ̀n-ẹ́n, ata ni!" Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, fífà á jáde ni wàhálà. Ó ní ó jọ ti ẹ̀jẹ̀ tí ò dé ọpọlọ dáadáa, síkáànù náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Máàkì àwọn méjèèjì nínú 30 fẹ́ẹ̀ dọ́gba o! Ibi tí kálukú ti kùnà ló yàtọ̀, òun ló jẹ́ ká dìde sí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru màmá kíá.

Ọmọ Manchester:
Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe níbí. ACE-III, tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n fi ń yẹ ọpọlọ wò, ni wọ́n ṣe fún bàbá kan, 100 ni àpapọ̀ máàkì ẹ̀, 26 jẹ́ ti ìrántí, 16 jẹ́ ti kéèyàn wo nǹkan kó yà á. Ti ìrántí, wọ́n gbìyànjú. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n ya aago, gbogbo nọ́ńbà ni wọ́n kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n máa ń rí àwọn ọmọ kéékèèké nínú yàrá, wọ́n á máa ju ẹ̀ṣẹ́ lójú oorun, orí wọn pé lónìí, lọ́la ó ti dàrú. Irú àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Lewy body ni. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, tí èèyàn yín bá ń rí ohun tẹ́nìkan ò rí, ẹ sọ ọ́ kí dókítà tó kọ haloperidol, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú orí tó dàrú, oògùn yẹn lè mú kí ara irú wọn le gbagidi, ó lè gbẹ̀mí wọn.

Àbúrò Kan:
Ẹ̀gbọ́n mi gba 28 nínú 30, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ìrántí wọn pé, ìwà ló yí padà bìrí, wọ́n ń bú àlejò, súgà ni wọ́n ń jẹ ṣáá. Ìyàwó wọn ni dókítà kejì fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò kó tó mọ̀ pé iwájú ọpọlọ ni.

Mẹ́sìọ̀gọ̀:
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tẹ́ẹ̀sì oníwèé dá ìyá tí ò kàwé lẹ́jọ́! Ìyá àgbà mi ò di bírò mú rí, wọ́n ní kí wọ́n kọ gbólóhùn, kí wọ́n ya àwòrán, wọ́n kùnà, wọ́n ní ṣíṣarán ni. Ìyá tó ń ṣírò owó èlùbọ́ lórí! Igi ìṣáná ni dókítà míì tò síwájú wọn, ó ní kí wọ́n to irú ẹ̀, wọ́n tò ó láìṣì. Àṣé etí wọn tí ò gbọ́ràn dáadáa ni wàhálà. Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti ṣe tẹ́ẹ̀sì onígi yẹn, àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun àti Ogunniyi náà ti ṣèwádìí lórí àwọn arúgbó Ìdíkàn, àdúgbò kan n'Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà láti nǹkan bí 1992, èdè Yorùbá ni wọ́n fi bi àwọn ará Ìdíkàn ní ìbéèrè, wọ́n sì tún bi ẹbí léèrè.

Ìyá Ìbejì:
Mẹ́sìọ̀gọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti rí dókítà onígi ìṣáná yẹn? Ẹ̀gbọ́n bàámi kan wà lábúlé tí a fẹ́ gbé wá.