Ọmọ mi fi ìgò òróró eucalyptus sẹ́nu: ṣé kí n fún un ní epo pupa?

Ìyá Ràfíátù (ọmọ Àjàṣẹ́, Lyon): Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá wà lójúfò kí ó dá mi lóhùn kíákíá. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì, ṣí ìgò kékeré òróró eucalyptus tí mo rà nítorí ikọ́ rẹ̀, ó sì fi sẹ́nu. N kò mọ iye tó gbé mì. Ẹnu rẹ̀ ń ta sánsán, ó sì ń húkọ́. Màmá mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní kí n rọ epo pupa fún un, kí n sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Mo tún fẹ́ béèrè, nítorí pé mo ti ń kán òróró yìí kan náà sínú omi ìwẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí òtútù ti dé, bóyá ìyẹn náà léwu.

Tàǹtí Bísí (ọmọ Ṣábẹ, Bordeaux): Àbúrò mi, má ṣe fún un ní epo pupa, má sì ṣe mú un bì. Pe 15, nọ́ńbà ìtọ́jú pàjáwìrì nílẹ̀ Faransé, nísinsìnyí, kí ìgò náà wà lọ́wọ́ rẹ, nítorí wọn yóò béèrè orúkọ tó wà lára rẹ̀, bí ó ti kù sí, àti bí ọmọ náà ti wúwo tó. Bí ó bá ń tòògbé ju bó ti yẹ lọ, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ranlẹ̀, tàbí bí gìrì bá fẹ́ mú un, ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ sọ. Ṣíbí kékeré kan, mílílítà 5, ti tó láti mú kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ má mọ ara rẹ̀ mọ́. Àmì rẹ̀ lè yọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lè pẹ́ tó wákàtí 4, nítorí náà má tìtorí pé ó ń ṣeré fi fóònù sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì (ọmọ Kétu, Hamburg): Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n n kò mọ ìgbà tí epo pupa di ọ̀tá wa. Nígbà tí mo gbé kẹrosíìnì mu ní kékeré ní Kétu, epo pupa ni ìyá bàbá mi rọ sí mi lọ́fun, mo bì, èmi náà rèé tí mo ń kọ̀wé sí yín láti Hamburg. Kí ni òróró ewé fi burú ju kẹrosíìnì lọ?

Tàǹtí Bísí: Orí ló yọ yín, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe epo. Irú òróró bẹ́ẹ̀ fúyẹ́, ó sì ń tètè ṣàn. Bí ọmọ bá ti ń bì, díẹ̀ nínú rẹ̀ lè gba ọ̀nà òdì bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, wàhálà tí yóò dá sílẹ̀ níbẹ̀ a sì máa ju ti inú lọ. Bákan náà gan-an ni ti kẹrosíìnì. Epo pupa kò pa oró kankan níbẹ̀, ó kàn ń múni bì ni.

Ìyá Ìbejì: Mo gbọ́ ti bíbì. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà wà lọ́nà jíjìn, tí epo sì wà nínú ilé, ṣé kí ìyá ọmọ káwọ́ gbera ni?

Tàǹtí Bísí: Ní Kétu nígbà náà, ẹ̀gbọ́n, n kò bá yín jiyàn. Ní Lyon lálẹ́ òní, 15 ń gbé fóònù.

Adékúnlé (ọmọ Ṣábẹ, Brussels): Ẹ tún wo iye tí wọ́n ń ta ìgò epo pupa ní Matongé, àdúgbò àwa adúláwọ̀ ní Brussels níbí, kí ẹ tó ní kí ọmọ kan bì í dànù!

Bàbá Àkànbí (ọmọ Kétu, Montréal): Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti omi ìwẹ̀, nítorí ó ti kàn mí rí. Mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ara ń ro mí, mo sì da òróró mint sínú omi gbígbóná, mo jókòó sí i. Òróró kì í bá omi pò, orí omi ló ń léfòó sí, nítorí náà ògidì rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ mi lára, títí kan ibi tí àgbàlagbà kì í dárúkọ ní gbangba. Mo ń bu omi sí i, ó ń ta mí sí i. Ìyàwó mi ló sọ pé kí n fi òróró olifi nù ún kúrò kí n tó fi ọṣẹ wẹ̀, lẹ́yìn tó ti rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. N kò lè lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì gé owó ọjọ́ náà. Bí ó bá lè ṣe èmi bẹ́ẹ̀, awọ ọmọ ọdún méjì ńkọ́?

Ìyá Ràfíátù: Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti pè wọ́n. Ohun tó kù nínú ìgò fi hàn pé díẹ̀ ló fi kan ẹnu, wọ́n sì ní kí n máa ṣọ́ ọ, kí n má jẹ́ kí ó dá sùn ní yàrá, kí n tún pè bí ohunkóhun bá yí padà. Màmá mi ṣì ń béèrè bóyá ó ti mu epo.

Alhaji Múfù (ọmọ Àjàṣẹ́, Paris): A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ohun tó ń ṣi àwa ọmọ ilé lọ́nà ni pé a rò pé àgbo la rà. Nígbà tí ìyá wa bá se efinrin, omi ló pọ̀ nínú ìkòkò. Àwọn oníṣẹ́ òróró ní tiwọn ń fi ooru omi gba àárín ewé kọjá, wọ́n á mú ooru náà tutù, òróró á sì gbá jọ sórí omi. Ó máa ń gbà ju 100 kílò òdòdó lafẹ́ńdà lọ kí kílò 1 tó jáde. Ìgò tó gba inú àpò ẹ̀wù ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, àwa sì ń dà á bí omi àgbo. Ní 2011, wọ́n fi òfin de oògùn ikọ́ tí à ń kì bọ ìdí, èyí tó ní èròjà eucalyptus tàbí káfúrà, fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 30 nílẹ̀ Faransé, gìrì sì ni ìdí rẹ̀. Ní Lyon tí àbúrò wa wà yìí kan náà ni wọ́n bí Gattefossé, oníkẹ́míkà tó kọ ìwé lórí ìwòsàn òróró ewé ní 1937. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ òróró, Lyon àti Àjàṣẹ́ ló ni ín.

Adékúnlé: Kí ni Àjàṣẹ́ bá níbẹ̀, Alhaji? Ohun tí wọ́n ń po òróró wọ̀nyí mọ́ kí wọ́n tó fi kan ara ńkọ́? Òrí ni, Ṣábẹ la sì ti ń rí igi rẹ̀. Igi òrí mélòó ló wà létí ọ̀sà yín?

Alhaji Múfù: Àgbọn Sèmè wà létí òkun wa. Àdí àgbọn kì í dì mọ́ ọwọ́ bí òrí yín, kò sì rùn.

Bàbá Àkànbí: Ẹ̀yin méjèèjì, àdí èkùrọ́ ni baba. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ wà ní Pobè, nítòsí wa.

Ìyá Ìbejì: Àdí tí wọ́n fi ń pa ọmọ lára nítorí gìrì nìyẹn! Òórùn rẹ̀ nìkan ń mú mi rántí ilé ìyá mi. Lánàá ni mo rí ewé tíì tútù nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Éṣíà, mo fi ọwọ́ ra á, mo gbóòórùn rẹ̀, ojú sì tì mí nítorí ẹni tó ń tajà ń wò mí.

Tàǹtí Bísí: Ẹ ra ewé náà, ẹ̀gbọ́n, kí ẹ sè é, ìyẹn kò ní ìpalára òróró rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń jà lórí òrí àti àdí, èyíkéyìí ló dára, bí ẹ kò bá ti kọjá ẹ̀kán 12 nínú mílílítà 30, àgbàlagbà nìyẹn o. Ẹ má sì fi òróró èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ para jáde sínú oòrùn, yóò jó yín.

Ìyá Ràfíátù: Ó ti ń sáré káàkiri o. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti pé oṣù 30 ńkọ́, ẹ̀kán mélòó ni kí n pò mọ́ òrí fún un?

Adékúnlé: Ó ti gbà pé òrí ni! Alhaji, ẹ gbọ́?

Alhaji Múfù: Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, yóò yí padà. Ta ló ń bọ̀ láti Cotonou lóṣù tó ń bọ̀?

Bàbá Àkànbí: Àbúrò ìyàwó mi ń gba Paris kọjá, kílò 3 ló ṣì ṣófo nínú ẹrù rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ òrí kí ó tètè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àdí tèmi ni yóò kọ́kọ́ wọlé.