Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe lè fi ìròyìn 2 oṣù Kẹrin 1972 pa èèyàn lẹ́rìn-ín láìpurọ́?

Adétutù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ètò olóhùn oníṣẹ́jú 3 ni, fún WhatsApp. Ìròyìn ọjọ́ kan ṣoṣo láyé àtijọ́ la ó máa fi dápàárá. Èyí tí mo mú ni ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù Kẹrin 1972, ọjọ́ tí Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ lójú títì tó bẹ̀rẹ̀ sí gba ọwọ́ ọ̀tún. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyí:

"Láàárọ̀ ọjọ́ náà l'Ékòó, ọlọ́kadà kan gba ọwọ́ òsì, ló bá kó sọ́wọ́ àwọn Road Safety. Wọ́n ní kó san náírà mẹ́wàá. Kíá ló ṣẹ́rí kẹ̀kẹ́, ó di Orílẹ̀-èdè Benin!"

Ó dùn létí mi, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Kí ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀? Níbo ni mo sì ti lè rí ìwé ìròyìn ìgbà yẹn kà?

Ẹ̀gbọ́n Lásùn:
Àbúrò, gbólóhùn mẹ́ta péré lo kọ, nǹkan mẹ́rin nínú rẹ̀ ni kò tíì dáyé nígbà yẹn. Ilé-iṣẹ́ bàálù Okada Air ni ọ̀kadà ti mú orúkọ, ọdún 1983 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀. Road Safety ìjọba àpapọ̀, 1988. Náírà, ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973 ló jáde, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì; ọlọ́pàá tó bá fẹ́ gba owó ìtanràn lọ́jọ́ tí ò ń sọ yìí, pọ́n-ùn àti ṣílè ni yóò gbà. Benin tí ẹni rẹ sá lọ sì ń jẹ́ Dahomey títí di 1975.

Ṣọ́ra fún orúkọ ìpínlẹ̀ náà. Kò sí Ọ̀yọ́, kò sí Ògùn, kò sí Oǹdó kó tó di 1976. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni gbogbo wọn wà, Ìbàdàn sì ni olú-ìlú rẹ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba express Èkó sí Ìbàdàn, 1978 ni wọ́n ṣí i.

Ohun tí wàá ṣe ni pé kó o fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tó lórúkọ nínú ohun tó o kọ, kó o kọ ọdún tó bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá ti kọjá 1972, pa á rẹ́.

Àmọ́ má pa ibodè rẹ́ o, ibẹ̀ ni àwàdà rẹ wà. Dahomey, Niger, Chad, Cameroon, ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn ń gbà, àwa nìkan la wà lápá òsì láàárín wọn. Dẹ́rẹ́bà tó bá gba Ìdírókò kọjá gbọ́dọ̀ yí ọwọ́ padà níbodè. Lẹ́yìn 2 oṣù Kẹrin, kò sóhun tó tún ń yí mọ́. Wá wo ẹni tí yíyí ti mọ́ lára: ó wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún láti Èkó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò ṣẹ̀ sófin kankan. Ó dé Ìdírókò, ó yí ọwọ́ bó ṣe máa ń yí i, ó di òun nìkan lápá òsì ní Dahomey.

Ṣógo Mẹkáníìkì:
Ara ọkọ̀ ni ẹ̀rín gidi wà, ẹ má wá a lọ jìnnà. Ìjọba Gowon yí ojú títì padà lọ́jọ́ kan. Wọn ò yí ọkọ̀ padà. Àwọn ọkọ̀ tí sitiárìn wọn wà lápá ọ̀tún ló ṣì kún ìlú. Tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wá ń gba ọwọ́ ọ̀tún, ẹ̀bá gọ́tà ni dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí. Tó bá fẹ́ ya lọ́rì sílẹ̀, kò rí iwájú, àfi kó kọ́kọ́ yọ ìdajì ọkọ̀ sójú títì. Ẹni tó jókòó níwájú lápá òsì ni yóò bá a wò ó, tí yóò máa pariwo "Ó yá, kọjá!" tàbí "Dúró, dúró, dúró!" Ẹ fi ìyá ìyàwó dẹ́rẹ́bà jókòó síbẹ̀, iṣẹ́ ti parí.

Bọ́ọ̀sì tún burú jùyẹn lọ. Apá òsì ni ẹnu ọ̀nà wà, kí èrò lè bọ́ sí ẹ̀bá títì. Nígbà tí ọwọ́ yí, ẹnu ọ̀nà kan náà ń ṣí sí àárín títì. Kọ́ńdọ́ tó máa ń rọ̀ mọ́ ọn wá kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Bọ́lẹ̀kájà ni kò bá wọn dá sí i, ẹ̀yìn ni èrò ń gbà wọ̀ ọ́.

Ti iná iwájú náà wà: èyí tí wọ́n ṣe fún ọwọ́ òsì, tí a bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, apá òsì ló ń tàn sí, lọ́wọ́ ọ̀tún, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló ń wọ̀. Ìyẹn nílò àlàyé púpọ̀, ẹ fò ó. Ẹlẹ́sẹ̀ rọrùn jù. Ọmọ tí wọ́n kọ́ pé ọ̀tún ni kó kọ́kọ́ wò kó tó sọdá, òsì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò báyìí. Ewúrẹ́ ò ní wàhálà, kò wo ọ̀kankan tẹ́lẹ̀.

Ìyá Láíbìrì:
Ọmọ mi, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn ọjọ́ 2. Ti ọjọ́ Àìkú, alẹ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ìjọba ní yóò ṣẹlẹ̀ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 3 ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kó o kà á dé bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún Àjíǹde bọ́ sí Àìkú yẹn gan-an, ọlidé sì ni Ajé tó tẹ̀ lé e, nítorí náà má fo ti Ìṣẹ́gun. Lẹ́yìn náà, padà sí ìdajì ìkẹyìn oṣù Kẹta, kó o wo ìpolówó.

Daily Times l'Ékòó, Daily Sketch àti Nigerian Tribune n'Íbàdàn. Kọ́kọ́ lọ sí National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, lẹ́yìn rẹ̀ ni Kenneth Dike Library, ilé ìkàwé Yunifásítì náà. Orúkọ ìwé ìròyìn, oṣù àti ọdún ni kó o béèrè. Pẹ́ńsù ni kó o mú dání, bírò ò yẹ nítòsí ìwé àtijọ́. Gbogbo ohun tó o bá dà kọ, kọ déètì àti ojú ewé sí i lójú ẹsẹ̀. Ojú ewé kìíní ìjọba ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn lẹ́tà sí olóòtú ni àwọn èèyàn ti ń bínú, ibẹ̀ ni kó o jókòó sí.

Káyọ̀dé Olóhùn:
Ìṣẹ́jú 3, má kọ ju bí ọ̀rọ̀ 320 lọ, kí àyè ẹ̀rín lè wà. Òtítọ́ ni kó ṣáájú, kí ọ̀rọ̀ tó ń pani lẹ́rìn-ín kẹ́yìn gbólóhùn, kó o sì dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Má sọ pé "ẹ ò rí i bó ṣe pani lẹ́rìn-ín." Èmi ì bá fi Àbámẹ́ta bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ni, ọjọ́ tí wọ́n ń purọ́ jẹ ara wọn. Lọ́jọ́ yẹn ni kí ẹnìkan wá sọ fún ọ pé lọ́la, ọwọ́ ọ̀tún ni o.

Ẹ̀gbọ́n Lásùn:
Ìyẹn dáa. Àmọ́ má sọ pé àwa nìkan la ṣe é. Sweden ti ṣe tiwọn ní 3 oṣù Kẹsàn-án 1967, Ghana ṣe tiwọn ní 4 oṣù Kẹjọ 1974, ọjọ́ Àìkú ni méjèèjì. Ọkọ̀ kì í pọ̀ ní títì láàárọ̀ Àìkú. Má sì fi ìjàǹbá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ̀ tó dojú kọ gọ́tà lè pani lẹ́rìn-ín, òkú ò lè pani lẹ́rìn-ín.

Adétutù:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ṣé mo lè fi ọlọ́pàá kan sí i tí ń darí ọkọ̀ lójú ráńdábáòtù, tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ ibi tí wọ́n ń yí sí mọ́?

Ẹ̀gbọ́n Lásùn:
Fi sí i. Tẹ́lẹ̀, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ni wọ́n ń yí i po. Láti ọjọ́ yẹn, òdìkejì. Ṣùgbọ́n fi "ká sọ pé" ṣáájú rẹ̀, má fún un lórúkọ, má sì sọ pé inú ìwé ìròyìn lo ti rí i. Tó o bá yọ "ká sọ pé" kúrò, kí oṣù tó parí, ẹnìkan á ti fi ránṣẹ́ sí èmi gan-an gẹ́gẹ́ bí ìtàn tòótọ́.