Èsì: "Atòeegun" kọ́ ni orthotist

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ará,

Mo rí ọ̀rọ̀ tuntun tí Olóyè gbé síwájú wa, pé "atòeegun" ni kí á máa pe orthotist, ìyẹn ẹni tó ń ṣe ohun tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀, ẹ̀yìn tàbí ọrùn láti gbé e ró. Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, Olóyè. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yín kò wọ̀ mí létí.

Ta ló ní kí "tò" gbé àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé iwájú "eegun"? "Ó to eegun" là ń wí, bí a ṣe ń wí pé "ó fọ aṣọ". Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà kò ní ṣi ìyẹn pè. Ẹ má sọ pé àṣìtẹ̀ ni, ó kún inú lẹ́tà yín.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ló tún wá bí mi nínú jù. Ẹni tó ń to eegun, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: baba tí wọ́n ń gbé ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà lọ bá, tó ń fi pákó di ẹsẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ orthotist, eegun lè má dá rárá. Ẹsẹ̀ ni kò lágbára láti dúró, tàbí kó yí, tàbí kí ẹ̀yìn wọ́. Ẹni tó bá dé Igbóbì, ilé ìwòsàn eegun tó ti wà láti 1945, yóò mọ ohun tí mò ń wí. Wọn a fi àmì sí kókósẹ̀ aláìsàn, wọn a fi báńdéèjì POP tútù (ìyẹ̀fun funfun tó ń le lẹ́yìn tí wọ́n bá fi omi pò ó) wé ẹsẹ̀ náà. Bó bá le tán, wọn a là á bọ́, wọn a po POP mìíràn dà sínú rẹ̀, èyí á wá dá bí ẹsẹ̀ gan-an. Orí èyí ni wọ́n ń na ike gbígbóná sí kó tó tutù, kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n tó fi okùn rẹ̀ sí i. Níbo ni "títò" wà nínú ìyẹn?

Ẹ wo ìyá tó bí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yí sínú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi POP tọ́ ẹsẹ̀ náà, bàtà méjì tí irin so pọ̀ ló kàn: wákàtí 23 lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ìgbà tó bá ń sùn nìkan, títí yóò fi tó bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Bí rédíò bá ní kí ìyá yìí wá atoeegun lọ, ilé ta ni yóò gbà lọ? Ṣé yóò rántí béèrè bóyá orúkọ baba náà wà lọ́dọ̀ MRTB, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ oníṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Nàìjíríà?

"Aṣẹsẹ̀" tí àǹtí wa dá lábàá, ẹni tó ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá nìyẹn. Ará wa láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní kí á pa méjèèjì pọ̀, torí "orthoprothésiste", orúkọ kan ṣoṣo fún iṣẹ́ méjèèjì lédè Faransé, ni wọ́n ń kọ́ ní ENAM, ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní Lomé. Mo gbà pé ẹnì kan lè mọ méjèèjì ṣe. Ṣé torí pé alágbẹ̀dẹ kan mọ igi gbẹ́ la ó ṣe pa orúkọ iṣẹ́ méjèèjì pọ̀?

"Gbé ró" ni tèmi. Ìgbéraró ni ohun tí wọ́n ń dè mọ́ ara, ì báà jẹ́ ti ẹsẹ̀, ti ẹ̀yìn tàbí ti ọrùn; oníṣẹ́ ìgbéraró ni ẹni tó ń ṣe é. Ẹni tó sọ àrùn kan ní rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kò bi ará Gíríìsì léèrè, ohun tí àrùn náà ń ṣe ló wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín pé yóò di "agbèrò" Ọ́ṣódì, "ara" wà láàárín, ẹ kà á dáadáa. Ẹni tó sì ní "kálípà", irin tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀, tó wa, ti ẹsẹ̀ nìkan nìyẹn. Kí la ó pe ti ẹ̀yìn?

Mo ti mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní "ìgbáraró" ló yẹ kó jẹ́, nítorí "gbára lé". Kó kọ́kọ́ ṣàlàyé "ìgbéraga" fún mi ná.