Ṣé ojúlówó ni owó wúrà ìyá àgbà wa yìí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa owó wúrà àtijọ́, ẹ gbà mí. Nígbà tí a ń palẹ̀ ẹrù ìyá àgbà wa mọ́ l'Óṣogbo, a rí sovereign kan, ìyẹn owó wúrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n rán mọ́ etí ìró wọn. Orí Ọba George Karùn-ún wà lójú kan, ẹlẹ́ṣin tó ń bá dírágónì jà wà lójú kejì. Ọdún 1911 ni, pẹ̀lú M kékeré lókè ọdún náà, ìyẹn àmì pé Melbourne ní Australia ni wọ́n ti ṣe é.

Alágbẹ̀dẹ wúrà wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ gíráàmù 7.98. Ó ní wúrà gidi ni. Ṣùgbọ́n àwọn ayédèrú kan wà tí wọ́n fi wúrà gidi ṣe, ìwọ̀n nìkan ò lè fi mí lọ́kàn balẹ̀. B.P., ìyẹn àwọn lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Benedetto Pistrucci tó ya àwòrán ẹlẹ́ṣin náà, tó yẹ kó wà lápá ọ̀tún ọdún náà ló ń dà mí láàmú: mo fi awò wò ó títí, B nìkan ni mo rí. Ṣé P ti họ ni, àbí òǹtẹ̀ tí wọ́n fi lù ú ló ti gbó, àbí ayédèrú ni?

Ẹni tó bá ní 1911 ti Melbourne, ẹ bá mi wo tiyín. Mi ò fẹ́ tà á. Ọmọ mi ni mo fẹ́ fún, mi ò sì fẹ́ purọ́ fún un.