Ó ti yanjú: bọ́tìnì tí FindWindowEx kò rí

Ìṣòro tí mo gbé wá ni pé FindWindowEx (àṣẹ Windows tí ètò kan fi ń wá fèrèsé tàbí bọ́tìnì) ń dá 0 padà, ìyẹn ni pé kò rí nǹkan kan, bí mo bá fi wá bọ́tìnì Save nínú ètò mìíràn lórí Windows. Àmì & ló fà á. "&Save" gan-an lorúkọ bọ́tìnì náà; & yẹn ló ń fa ìlà sábẹ́ S. Ojú lásán kì í rí i, Spy++, irinṣẹ́ tó ń fi orúkọ fèrèsé àti bọ́tìnì hàn, ló tú u fó.

PostMessage (tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láìdúró de èsì) ni kí ẹ fi rán BM_CLICK (iṣẹ́ tó ń tẹ bọ́tìnì) o, kì í ṣe SendMessage (tó ń dúró de èsì): bí títẹ̀ náà bá ṣí fèrèsé ìbéèrè, SendMessage á dúró gbagidi títí wọ́n á fi pa á dé. Bí ètò ọ̀hún bá ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí administrator, kí tiyín náà rí bẹ́ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Windows á dínà rẹ̀.