Mo ní páálí B.A., mo fẹ́ lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Thailand: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

OmoIjesa_BA

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Gẹ̀ẹ́sì ni mo kà ní yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni mo ti ń kọ́ni báyìí. Ẹ́jẹ̀ǹtì kan ní kí n mówó wá, pé físà ìgbafẹ́ lòun máa bá mi gbà, pé tí mo bá dé Bangkok, ilé-ẹ̀kọ́ tó bá gbà mí á yí i padà sí ti iṣẹ́. Ó ní bí Thailand ò bá bọ́ sí i, Kòríà ń bẹ, owó tibẹ̀ tún pọ̀ jù. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn? Ìwé wo ni kí n ti ṣe sílẹ̀ ní Nàìjíríà? Ṣé wọ́n tilẹ̀ ń gba ọmọ Nàìjíríà?

Tisa_Oke_Okun

Ẹ má tíì fún un ní kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti Kòríà kúrò nílẹ̀ ná. Físà E-2 ni wọ́n fi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, orílẹ̀-èdè 7 tí òfin dárúkọ fún un sì ni Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì, Kánádà, Ireland, Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà. Páspọ́ọ̀tì ni wọ́n ń wò, kì í ṣe bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe dán tó lẹ́nu ẹni. Ẹni tó bá ń ta Kòríà fún ọmọ Nàìjíríà lórí iṣẹ́ yìí, bí kò bá jẹ́ pé kò mọ̀, irọ́ ló ń pa.

Thailand ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ẹ́jẹ̀ǹtì yín ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ló ń ṣáájú físà. Ilé-ẹ̀kọ́ á kọ́kọ́ gbà yín, á fi ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti ìwé tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba ránṣẹ́ sí yín. Ìwé wọ̀nyí lẹ ó fi béèrè físà Non-Immigrant B. Látọdún 2025, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba ìbéèrè físà Thailand. Ẹ́ḿbásì wọn tó wà ní Abuja ló máa yẹ tiyín wò. Físà náà á fún yín ní ọjọ́ 90. Láàárín ọjọ́ yẹn ni ilé-ẹ̀kọ́ á bá yín gba ìwé àṣẹ iṣẹ́, tí wọ́n á sì mú yín lọ sọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n láti sún ọjọ́ yín síwájú di ọdún kan. Báàtì (owó Thailand) 1,900 ni owó ìyẹn.

Físà ìgbafẹ́ ọjọ́ 60 péré ló ń fúnni. Òótọ́ ni pé ọ̀nà wà láti yí i padà nínú ìlú, àmọ́ ó kéré tán ọjọ́ 15 gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ìwé lọ, gbogbo ìwé ilé-ẹ̀kọ́ sì gbọ́dọ̀ ti pé. Ẹni tó dé láìníṣẹ́ máa ń lo oṣù kan fi wá iṣẹ́, oṣù tó kù ni ilé-ẹ̀kọ́ máa ń fi ṣa ìwé jọ, ọjọ́ á pé mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n á wá ní kó máa kọ́ni lọ ná. Ibẹ̀ gan-an lewu wà. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ iṣẹ́ láìsí ìwé àṣẹ, owó ìtanràn báàtì 5,000 sí 50,000 ni, wọ́n á sì dá a padà sílé. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá, báàtì 500 lójúmọ́, títí dé 20,000.

Ohun kan tún wà tí ẹ́jẹ̀ǹtì kì í sọ. Bí Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ jẹ́ èdè ìjọba lọ́dọ̀ wa, Nàìjíríà ò sí lára àwọn tí ìjọba Thailand kà sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì abínibí. Nítorí náà wọ́n á béèrè èsì ìdánwò: TOEIC (ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn) máàkì 600, tàbí irú rẹ̀ míì tí ilé-ẹ̀kọ́ náà bá gbà. Ọdún 2 ni èsì yìí máa ń lò. Tó bá ti ń sún mọ́ òpin, ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

IyaIbeji_Tisa

Ẹ̀gbọ́n ti sọ tọ̀hún, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé. Orúkọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ tẹ́ páspọ́ọ̀tì, páálí, ìwé máàkì yunifásítì àti ìwé NYSC sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kẹ́ ẹ kà wọ́n lẹ́tà sí lẹ́tà. "Olúwaṣeun" lórí ọ̀kan, "Ṣeun" lórí èkejì, ìyẹn nìkan tó láti dá ìwé dúró fóṣù méjì. Obìnrin tó ti yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó, ẹ fi ìwé ìgbéyàwó àti ojú ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ fi kéde rẹ̀ kún un.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òǹtẹ̀. Nàìjíríà ò sí nínú àdéhùn Apostille, èyí tó ń jẹ́ kí orílẹ̀-èdè gba ìwé ara wọn pẹ̀lú òǹtẹ̀ kan, nítorí náà òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ò lè tó: ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ló máa kọ́kọ́ jẹ́rìí sí páálí, ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè á tẹ̀ lé e, ẹ́ḿbásì orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ ń lọ ni yóò kẹ́yìn. Ẹ má fo ọ̀kan, nítorí òǹtẹ̀ ti ìṣáájú ni ti ìkẹyìn máa ń wò. Ìwé ọlọ́pàá tó ń fi hàn pé ẹ ò ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn, orí POSSAP, ìkànnì àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà, lẹ ti máa béèrè rẹ̀. Kì í pẹ́ gbó lójú àwọn ẹ́ḿbásì, torí náà ẹ fi í sí ìparí, ìgbà tíṣẹ́ bá ti wà lọ́wọ́. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó kéré tán ọjọ́ 10 kẹ́ ẹ tó wọ bàlúù, kẹ́ ẹ sì mú káàdì rẹ̀ dání. Wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wọ Thailand.

TEFL (ìwé ẹ̀rí ìdálẹ́kọ̀ọ́ fún kíkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì) wákàtí 120 lè wúlò lójú ilé-ẹ̀kọ́, àmọ́ kò lè rọ́pò páálí. CELTA, irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tó ti Cambridge wá, dára jù ú lọ fíìfíì, nítorí ó ní kíkọ́ni gidi wákàtí 6 tí olùkọ́ àgbà jókòó tì, tó sì ń fún ni ní máàkì.

OmoIjesa_BA

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ ò ní fọwọ́ osùn nu ògiri. Mo ti dá ẹ́jẹ̀ǹtì náà dúró. Jàpáàn àti Ṣáínà ńkọ́?

Tisa_Oke_Okun

Jàpáàn ṣeé rò ju báwọn èèyàn ṣe ń sọ lọ. Láti kọ́ni nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ẹ ó fi hàn pé ọdún 12 lẹ fi kàwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọdún 6 àti girama ọdún 6 lọ́dọ̀ wa pé e géérégé, bẹ́ ẹ bá lè gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ yín. Ẹ tètè lọ gbà á. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ mọ̀ lè ti fẹ̀yìn tì. Agbanisíṣẹ́ yín ní Jàpáàn ló máa gba ìwé Certificate of Eligibility, tẹ́ ẹ ó fi béèrè físà, lọ́dọ̀ ìmígíréṣọ̀n wọn, oṣù 3 péré ló sì fi ń ṣiṣẹ́.

Ṣáínà le. Ẹni tí kì í ṣe abínibí, wọ́n máa ń fẹ́ kó ní páálí láti orílẹ̀-èdè tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ abínibí, pẹ̀lú ọdún 2 lẹ́nu iṣẹ́. Tẹ́nikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ fi físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti oníṣòwò lọ kọ́ni níbẹ̀, ẹ sá. Owó ìtanràn jẹ́ yuan 5,000 sí 20,000, wọ́n sì lè ti èèyàn mọ́lé fọ́jọ́ 5 sí 15.

Alagba_Kilaasi

Gbogbo yín ń sọ ìwé. Kíláàsì ló ń gba iṣẹ́ o. Ilé-ẹ̀kọ́ á ní kẹ́ ẹ ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀kọ́, bí ìṣẹ́jú 15, nígbà mìíràn lórí fídíò. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ tíṣà wa jẹ́ ni àlàyé: wọ́n á dúró nídìí pátákó, wọ́n á máa ka gírámà. Àwọn ọmọ ni kó sọ̀rọ̀ ju tíṣà lọ. Ẹ mú ọ̀rọ̀ 6 péré, ẹ fi àwòrán hàn, kí gbogbo kíláàsì pè é pọ̀, kí ìlà ìlà pè é, lẹ́yìn náà kí ọmọ méjì méjì bi ara wọn pé "What is this?" Ẹ fi eré kan parí rẹ̀. Kíláàsì 40 sí 50 ọmọ wọ́pọ̀ nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ẹ má pète ohun tó máa gba pé kẹ́ ẹ dé ọ̀dọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ìparí ọ̀rọ̀ ló máa ń há àwọn ọmọ Thai lẹ́nu. "Ball" á di "bon", "bus" á di "bat", torí èdè wọn kì í fi l tàbí s parí ọ̀rọ̀. Àwa náà ní tiwa: fáwẹ̀lì là ń so mọ́ ọn nídìí, bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀sì. Ẹ ṣọ́ ẹnu tiyín kẹ́ ẹ tó tún tiwọn ṣe. Fún l, kí ọmọ gbé ṣóńṣó ahọ́n sẹ́yìn eyín òkè, kó sì fi í síbẹ̀ títí tẹ́ ẹ ó fi ka 2. Fún s, ẹ fa ìlà gígùn lójú pátákó, kí wọ́n máa fa ohùn náà títí ìka yín á fi dé òpin ìlà.

Pàṣán sì ti di èèwọ̀ nílé-ẹ̀kọ́ Thailand látọdún 2005, ẹ má gbé tibí lọ sọ́hùn-ún. Ẹ má fọwọ́ kan ọmọ lórí náà, kódà bó bá jẹ́ pé ẹ ń yìn ín.

IyaIbeji_Tisa

Ìwé àdéhùn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wò ó bóyá oṣù 10 ni tàbí 12. Àárín oṣù karùn-ún ni ọdún ẹ̀kọ́ wọn ń bẹ̀rẹ̀, ìsinmi gígùn sì wà ní oṣù kẹta sí ìkẹrin. Olóṣù 10 kì í gbowó lásìkò ìsinmi yẹn, ilé tó ń gbé ò sì ní dá owó dúró. Ẹ béèrè iye wákàtí kíkọ́ni lọ́sẹ̀ yàtọ̀ sí wákàtí jíjókòó ní ọ́fíìsì. Ẹni tí kì í ṣe abínibí sábà ń gbowó tó kéré sí ti òyìnbó fún iṣẹ́ kan náà. Kò dára, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé.

Bẹ́ ẹ bá sì máa jáde kúrò ní Thailand nígbà ìsinmi, ẹ gba ìwé àtúnwọlé kẹ́ ẹ tó jáde: báàtì 1,000 fún ẹ̀ẹ̀kan, 3,800 fún iye ìgbà tó bá wù yín. Láìsí i, gbogbo ọjọ́ tí wọ́n sún síwájú fún yín ti parí bẹ́ ẹ bá ṣe jáde yẹn, ẹ ó sì tún físà gbà láti ìbẹ̀rẹ̀.

OmoIjesa_BA

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ránṣẹ́?

Tisa_Oke_Okun

Oṣù kejì sí ìkẹta fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Oṣù kẹsàn-án fún sáà kejì tó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Ìdánwò àti òǹtẹ̀ páálí ni kẹ́ ẹ parí kó tó dìgbà yẹn.