Owó ara mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́ mystery shopping báyìí: ṣé kí n fi sílẹ̀ ni?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìfaradà o. Láti 2021 ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí l'Ékòó. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé iṣẹ́ fún mi á rán mi lọ sí ilé oúnjẹ tàbí báńkì bí oníbàárà lásán, màá ṣọ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣe ń ṣe sí èèyàn, màá kọ ìròyìn ránṣẹ́. Owó tèmi ni mo máa ń kọ́kọ́ ná, wọn á san án padà tó bá yá.

Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀lé e, gbogbo nǹkan ló gbówó lórí, àfi iye tí wọ́n ní kí n fi jẹun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, 4,000 náírà ni wọ́n fọwọ́ sí. Ìrẹsì àti itan adìẹ kan jẹ́ 5,800. Mo dúró níwájú káńtà, mò ń ṣa owó nínú báàgì, ọmọbìnrin tó ń tajà fi sùúrù dúró dè mí. Mo kọ sùúrù rẹ̀ yẹn sínú ìròyìn mi.

Iṣẹ́ mẹ́fà lóṣù ti di méjì, owó sì ń pẹ́ kó tó wọlé.

Báwo lẹ ṣe ń ní kí wọ́n fi owó kún un tí wọn ò fi ní yọ orúkọ yín? Àbí kí n máa gba ti orí fóònù nìkan, tí kò la owó ọkọ̀ lọ? Ọmọ méjì ni mò ń tọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.